Agbẹnusọ Tó Di Agbàsó

Ẹ ṣí fèrèsé kí n tó ya ẹnu, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹni tí imú rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹgẹ́, kó lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá sì ń jẹun lọ́wọ́, kó rọra rún un kó kúnná, kó pa ẹnu dé, torí pé àìpa ẹnu dé nídìí oúnjẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Kwaeso ni Sylvester Amponfi. Orúkọ méjì yìí péré ló gbé lọ sí Accra. Nígbà tó fi máa padà dé, àwọn orúkọ náà ti bímọ lọ́nà: Ọlọ́lá Jùlọ, Ọnarébù, Ọ̀mọ̀wé Sylvester Kwasi Amponfi-Gyabaah, Alákòóso Àgbègbè Kwaeso àti Àyíká Rẹ̀. "Àyíká Rẹ̀" yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un. Ẹni tó bá kí i láì pe orúkọ náà tán, kò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì pè é tán, ohun tó fẹ́ sọ á ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ má bínú, mo pè é ní Alákòóso. Kò tíì jẹ ẹ́. Ààrẹ ló yàn án lóòótọ́, àmọ́ bí Ààrẹ bá yan ènìyàn, àwọn aṣojú àdúgbò gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì gbà á, kó tó di Alákòóso. Òrùlé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ dìbò ń jò, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ọnarébù ò lè dúró de òrùlé. Ó ti jókòó sórí àga kí àga tó mọ ẹni tó jókòó.

Bó ṣe ń jẹun ló kàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í rún fùfú lẹ́nu. Gbígbé la ń gbé e mì. Ẹni tó bá ń rún un, àlejò ni. Ṣùgbọ́n Ọnarébù sọ gbogbo oúnjẹ di fùfú. Iṣu, ẹran, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín, títí kan ẹ̀pà, gbígbé ló ń gbé wọn mì. Bí òkèlè ṣe ń wọlé lápá ọ̀tún ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde lápá òsì, torí fóònù méjì ló máa ń bá a jókòó ti àwo. Lẹ́yìn náà yóò fi sítúrọ́ọ̀ fa mínírà tó ń hó, yóò gùfẹ̀, yóò sì wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì. Òdìkejì títì ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ẹni tó bá ń gbé afẹ́fẹ́ mì bẹ́ẹ̀, kó mọ ibi tí yóò gbà jáde, torí inú ènìyàn kì í ṣe báńkì.

Ọjọ́ tí ìlú kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn inú Ọnarébù ni ọjọ́ tó wá ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ọjà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin alààyè, ẹ̀yin òkú, ẹ̀yin tí a kò tíì bí! Àwọn kan wá sáyé, wọ́n kọ́ ilé. Àwọn kan wá, wọ́n kọ́ afárá. Èmi rèé! Èmi Amponfi-Gyabaah! Mo kọ́ ìtura! Bí àwọn ọmọ-ọmọ yín bá lóṣòó síbí lọ́jọ́ iwájú, orúkọ ta ni yóò wá sí wọn lẹ́nu?"

"Tiyín ni!" Akọ̀wé Bonsra ló ké bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé Ọnarébù ni ọkùnrin yìí, ó sì ti tẹríba títí débi pé ọrùn rẹ̀ ò rántí bí wọ́n ṣe ń nà mọ́.

Ọnarébù gba sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gé rìbọ́ọ̀nù. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, nǹkan dún lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ tuntun ya. Gbogbo ọjà gbọ́ ọ. Sísọ́ọ̀sì ò sì tíì kan rìbọ́ọ̀nù.

"Ọnarébù ti ṣí i!" Bonsra bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Wọn ò tiẹ̀ lo sísọ́ọ̀sì!"

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá a pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn wá ní, "Sẹ́bẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, sẹ́bẹ̀. Ṣé wọn ò lè ní sùúrù kí wọ́n wọlé ná ni?"

"Sẹ́bẹ̀" yìí la máa ń fi ṣíwájú ohun tí kò yẹ kó kan etí àgbà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọ̀rọ̀ tí Kwaeso lò tó o.

Maame Pokuaa, ẹ̀gbọ́n Ọnarébù lóbìnrin, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gáréèjì níbi tó ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí, epo pupa lórí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ló pọn Ọnarébù nígbà tí ìyá wọn ń lọ oko. Ó da aṣọ bora, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ.

"Kwasi, jókòó." Orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń pè é nílé.

"Maame, Ọnarébù ni."

"Ọnarébù, jókòó. Ẹ̀yìn mi ni inú rẹ ti kọ́kọ́ kùn, mo sì mọ ohùn rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún. Ṣé o fẹ́ kó dákẹ́ àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́, Maame. Mo ti ní kí Bonsra bá mi wá dókítà ìlú òyìnbó."

"Dókítà kí ni? Máa rún oúnjẹ lẹ́nu kó tó dé ọ̀fun. Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ, gbé fóònù sílẹ̀. Mu omi, kó o fi mínírà tó ń hó yẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Bó o bá jẹun tán, dìde, rìn wá kí mi ní gáréèjì, kó o sì rìn padà. Sọ fún ẹni tó ń se ẹ̀wà rẹ kó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó da omi náà nù, kó tó gbé e kaná. Ó tán."

"Ó tán kẹ̀?" Ojú Ọnarébù rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti ń retí ohun tó ní orúkọ gígùn. "Maame, ẹ wo ipò mi. Ṣé kí gbogbo ayé máa rí Alákòóso lórí ẹsẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀? Ẹnu tí Ààrẹ yàn, ṣé kó máa rún nǹkan bí ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ ń rún un. N ò sì gbọ́ ọ rí pé ewúrẹ́ só nílé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn ò tíì ṣí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí Maame bá dákẹ́ níbi "ó tán", bóyá ìtàn ì bá má sí. Inú Ọnarébù tún wú sí i, lọ́nà méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bonsra ti wà nínú ọkọ̀ onígbohùngbohùn tó ń yí ìlú ká:

"A fòfin de ẹ̀wà! Láti òní lọ, ẹ̀wà sísè, ẹ̀wà lílọ̀, ẹ̀wà dídín, àti ẹ̀wà tó ṣì wà lóko tí kò tíì mọ̀ pé ẹ̀wà lòun, a fòfin de gbogbo wọn ní Kwaeso àti Àyíká Rẹ̀!"

Wọ́n kó ẹ̀wà gbogbo ọjà. Wọ́n gbé ìkòkò Maame Pokuaa kúrò lórí iná. Ibo ni wọ́n kó ẹ̀wà náà lọ? Yàrá ìkẹ́rùsí Ọnarébù ni, fún ààbò ìlú. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. A ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹ̀wà mọ́, afẹ́fẹ́ ò sì dáwọ́ dúró. Bonsra wá kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó kọ́ wọn ní ikọ́. Bí inú Ọnarébù bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn wúkọ́ pọ̀ kí ariwo bo ariwo. Wọ́n wúkọ́ títí nọ́ọ̀sì kílíníìkì fi rò pé ikọ́ àrànmọ́ ti wọ ọ́fíìsì ìjọba. Ó kó abẹ́rẹ́ wá, ó gún gbogbo wọn. Bonsra gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ló wúkọ́ jù.

Ìgbà tí ikọ́ kùnà ni wọ́n ránṣẹ́ pe Nana Ntow.

Agbẹnusọ ọba ni Nana Ntow. Ọba wa ti wàjà, ìdílé méjì sì ń du àga rẹ̀, nítorí náà ni Ntow ṣe jẹ́ ẹnu tí kò ní orí. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú àti níbi tí wọ́n bá ti ń wá kan ilẹ̀kùn tọrọ ìyàwó. Ọ̀pá náà ga jù ú lọ. Ère ọkùnrin méjì àti abọ́ kan ló wà lórí rẹ̀: ọ̀kan ń jẹun, èkejì ń wò ó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ni oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Ntow ò ní owó, kò ní ilé méjì. Orúkọ rẹ̀ ló ní, pé ẹnu rẹ̀ mọ́. Orúkọ yẹn ló fẹ́ fi fa Afriyie, ọmọ arábìnrin rẹ̀, fún ọkọ, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọmọ arábìnrin ẹni ni ajogún ẹni.

"Mo gbọ́ pé bí ọba bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, agbẹnusọ ló ni àṣìṣe náà," Ọnarébù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọnarébù. Ẹnu ọba kì í ṣìnà. Tèmi ló máa ń ṣìnà."

"Gbogbo ohun tó bá ti ara ọba jáde?"

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá…"

"Mo ní gbogbo ohun."

Ntow rò pé gírámà àwọn tó kàwé ni. Inú rẹ̀ ti ń dùn. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ti rí ẹni tó tó ẹni. "Gbogbo ohun, Ọnarébù. Àmọ́ àṣà náà ní apá kejì. Ohun tí agbẹnusọ bá sọ jáde, ọba ló sọ ọ́ nìyẹn. Kò ní…"

Fóònù dún. Ọnarébù gbé e, ó gbé òkèlè pẹ̀lú, ó sì fi ọwọ́ ṣe fún Ntow pé ó tó.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń sin bàbá àgbà kan. Ìbànújẹ́ ti mú gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ nígbà tí Ọnarébù rọra gbé ẹ̀bá ìdí kan sókè lórí àga. Ó dún. Ó yí ojú sí Ntow, ó fi ọwọ́ fẹ́ imú rẹ̀, ó ní, "Agbẹnusọ!" bí bàbá tó ń bá ọmọ wí.

Ìgbà yẹn ni Ntow tó mọ ohun tí "gbogbo ohun" túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àdéhùn àgbà ni. Ó dìde, ó gbá ọ̀pá mú. "Sẹ́bẹ̀, ẹ̀yin àgbà, sẹ́bẹ̀. Èmi ni."

Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde níbi ìpàdé àwọn olóko kòkó. Ó dìde lọ́jọ́ tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bùn, ó sì dìde títí àwọn ọmọ náà fi ń ka iye ìgbà tó dìde dípò ẹ̀bùn. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu ìlú. Agbẹnusọ ni gbogbo wa ń pè é tẹ́lẹ̀; kò pẹ́ tó fi di Nana Agbàsó. Ìsó inú ẹ̀kú, àmúmọ́ra ni, àmọ́ ẹni tó wọ ẹ̀kú ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Ntow ò wọ ẹ̀kú kankan, ojú rẹ̀ wà ní gbangba.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Afriyie wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò. Kò jókòó.

"Wofa," bí a ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni nìyẹn, "ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Èmi kọ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi ni. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá wá kan ilẹ̀kùn, kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá wọn wá ẹlòmíì tó máa gba ẹnu wa sọ̀rọ̀." Ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní yàrá yẹn kéré."

Ntow kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ọmọ náà má bàa sunkún. Nígbà tó lọ tán, òun ló sunkún. Ó ti fa ọmọ ọlọ́mọ fún ọkọ ní Kwaeso láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, wọ́n wá ní kó má fa tirẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Ó lọ bá Ọnarébù. "Mo bẹ yín, ẹ máa jẹun pẹ̀lẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré fún àwọn àna mi pé kì í ṣe èmi."

Ọnarébù ń jẹun. "Ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni ìwọ fẹ́ pàdánù. Èmi, àgbègbè odindi ló wà lọ́wọ́ mi! Àti Àyíká Rẹ̀! Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dìbò, Mínísítà tó ń bójú tó ẹkùn wa ń bọ̀. Jẹ́ kí n wọlé ná. N ó gbẹ́ ère rẹ sí oríta."

"Kí ni ère náà á máa ṣe, Ọnarébù?"

"Á máa tọrọ àforíjì."

Ntow jáde. Ó gba gáréèjì kọjá, ó sì bá Maame Pokuaa tó jókòó ti ìkòkò òfìfo, tó káwọ́ lérí.

"Nana, ẹ bá mi ka ọ̀pá yín," ni obìnrin náà wí. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ta ló ń jẹun lórí rẹ̀?"

"Ẹni tó ni oúnjẹ ni."

"Bó bá jẹ ẹ́ tán, ta ló ni ohun tó kù?"

Ntow wo orí ọ̀pá rẹ̀ títí. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n san gbèsè fún.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àyà ń já Ọnarébù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí àyà bá ń já a, ẹ̀wà ló máa ń wù ú. Kò sí ibi tí ẹ̀wà wà ní gbogbo Kwaeso àfi yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀. Wọ́n gbé e kaná wéré, wọn ò rẹ ẹ́, wọn ò da omi rẹ̀ nù. Ó gbé àwo mẹ́ta mì, ó ń bá Accra sọ̀rọ̀ lórí fóònù kan, ó ń bá Bonsra jà lórí èkejì, ó fi mínírà tì í, ó sì wọ mọ́tò. Ìyá Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ò lè se ọbẹ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn kún. Òrùlé ò jò mọ́, síbẹ̀ Bonsra dúró sẹ́yìn Ọnarébù, ó ṣí agbòòrùn ńlá lé e lórí nínú ilé. Àwọn aṣojú jókòó ní ìlà. Mínísítà ẹkùn jókòó níwájú. Àwọn obìnrin ọjà kún ojú fèrèsé, Maame Pokuaa wà láàárín wọn. Nana Ntow dúró lọ́wọ́ ọ̀tún Ọnarébù pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ọnarébù ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọba, Ntow ń gbé e jáde kíkankíkan. "Ọnarébù ní òun ni òjò tí ẹ ti ń gbàdúrà fún! Ọnarébù ní òun ni àgbàdo tó hù láì gbìn!" Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Àmọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, inú Ọnarébù ti ń lọ bí ọlọ.

Ti àkọ́kọ́ jáde. Ó tinrín, ó sì mú. Bonsra àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wúkọ́. Ọnarébù fi ọwọ́ fẹ́ imú, ó yí ojú sí ọ̀tún. "Agbẹnusọ!"

Gbogbo ènìyàn ń dúró de "sẹ́bẹ̀, èmi ni". Ntow fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ ohun tó ti ọ̀dọ̀ Ọnarébù jáde. Ọnarébù ní òun ti ro ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ó ní kí oníkálukú padà sídìí ìkòkò rẹ̀, kí wọ́n sì dá gbogbo èyí tí wọ́n kó padà fún àwọn tó ni ín."

Ariwo ayọ̀ sọ lójú fèrèsé. Ọnarébù ya ẹnu láti sẹ́, àmọ́ àtẹ́wọ́ náà dùn. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì gba àtẹ́wọ́ tí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Mínísítà sì ń mi orí pé ó dára. Ó pa ẹnu dé, ó tẹríba fún ìlú.

Ti èkejì gùn jù ú lọ.

"Ọnarébù tún ní," Ntow gbé ohùn sókè, "pé mọ́tò òun, kí kílíníìkì gbà á láti òní, kí wọ́n máa fi gbé aboyún. Òun á máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní ó tiẹ̀ dára fún inú."

Mínísítà dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ti na ọwọ́ sí awakọ̀ fún kọ́kọ́rọ́. Ọnarébù fa aṣọ Ntow mọ́ra, òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹ̀yin ni," Ntow sọ ọ́ sí i létí. "Gbogbo ohun tó bá ti ara yín jáde, ẹ ní kí n gbà á. Bí mo ṣe ń gbà á nìyí. Ohun tí mo bá sì sọ, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Apá kejì tí ẹ ò dúró gbọ́ nìyẹn."

Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó fẹ́ fi ìdí di àgbègbè mú. Ó fún ẹsẹ̀ pọ̀, ó di apá àga mú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó tún dúdú. Agbòòrùn ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ó gbìyànjú, ká má parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀wà tí wọn ò rẹ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ti ẹ̀kẹta jáde. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní ìparí, ó sì yéni ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọnarébù ti sọ láti àárọ̀ lọ.

Ntow dúró kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, Ọnarébù dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní òun ti yẹ ara òun wò, òun sì rí i pé ipò yìí ju òun lọ. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe dìbò fún…"

"Irọ́ ni!" Ọnarébù fò dìde, agbòòrùn já lulẹ̀. "N ò sọ bẹ́ẹ̀! N ò sọ nǹkan kan! Mo só ni!"

Bàbá tó ń darí ìjókòó yọ awò ojú rẹ̀. "Sẹ́bẹ̀, Ọnarébù. Etí wa ti di ti àgbà. Ṣé ẹ sọ ni, àbí ẹ só?"

"Mo só! Ti ẹ̀wà, ìsó ni! Ti mọ́tò, ìsó ni! Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn!"

"Èyí tó dún níbi ìsìnkú ńkọ́, tí Nana Ntow dìde fún?"

"Èmi ni!"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi náà ni! Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ìgbéraga ti gba ẹnu rẹ̀, kò lè jẹ́ kí ẹlòmíì ní ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. "Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ṣé irú rẹ̀ lè ní èyí tó tó bẹ́ẹ̀? Gbogbo rẹ̀ pátá, láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá títí dé ibí, tèmi ni!"

Gbogbo ojú yí sí agbẹnusọ, torí pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ò tíì délé bí kò bá tíì gbé e jáde. Ntow gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníǹkan," ló wí. "N ò ní ohun tí mo máa fi kún un."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Mínísítà fi áńkáṣífù bo gbogbo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n sì mú un jáde. Wọ́n dìbò. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí, ẹni tó sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rín ló gbé ọwọ́ òun ṣìnà. Kí wọ́n tó kà á tán, Bonsra ti gbé agbòòrùn náà lọ sí ìdí mọ́tò Mínísítà, ó sì ti ṣí i.

Sylvester Amponfi kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun àti orúkọ méjì tó gbé kúrò nílé lọ́jọ́sí. Maame Pokuaa ò bá a wí. Ó gbé ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú síwájú rẹ̀, ó gba fóònù méjèèjì, ó ní, "Rún un." Ó rún un. Bó bá jẹun tán, wọn á rán an ní gàrí ní ìparí ọjà, á rìn lọ, á rìn bọ̀, àwọn ènìyàn á máa kí i ní "Kwasi", á sì dáhùn. Omi ló ń mu. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi dákẹ́ bí inú ọmọ tó sùn. Ohun tó lè gba àga là fún un nìyẹn, ìkòkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ti gbà á, lẹ́yìn tí àga ti lọ.

Àwọn àna wá bẹ Nana Ntow. Wọ́n mú ọtí wá, wọ́n ní kó má bínú, wọ́n ní yàrá náà ò kéré mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn, ayọ̀ pa á bí ọtí. Láti àárọ̀ ló ti ń bá gbogbo àlejò sọ̀rọ̀, ó ń fi wáàkyé, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà, sẹ́nu láàárín ọ̀rọ̀ méjì, kò rún un, ó ń fi mínírà tì í. Mo rí i. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ta ló ń kọ́ àgbà bí wọ́n ṣe ń yọ̀?

Gbogbo wa fún ara wa sínú yàrá náà. Afriyie jókòó láàárín, ó rẹwà. Kwasi Amponfi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga tí wọ́n ní kó gbé wọlé. Nana Ntow gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó mí kanlẹ̀ láti bèèrè ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Nǹkan dún. Kò pariwo, àmọ́ yàrá náà ṣì kéré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Afriyie di ojú. Ntow sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, sí ẹnu ọ̀nà.

Kwasi ti rún oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti rìn dé gáréèjì, ó ti rìn padà. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo Nana Ntow pẹ́ jù, ó sì gbé àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Sẹ́bẹ̀, ẹ̀yin àgbà," ló wí. "Èmi ni."

"A mọ̀!" àna àgbà dáhùn, ilé bú sẹ́rìn-ín, Afriyie rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ntow tún ọ̀pá rẹ̀ gbé sókè. Ó fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ bí kò ti fa ti ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe Kwasi. Èmi ni mo jókòó ti Nana Ntow. Ẹ lè ti fèrèsé.